Àlùbọ́sà tí ń rùn bí gọ́tà: èsì fún ìyá ọlọ́ńjẹ kan

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni ọdún 52 ni mí, oúnjẹ ni mò ń tà ní Ṣagámù. Ó ti pé oṣù mẹ́sàn-án tí ọ̀fìnkìn líle kan ṣe mí pẹ̀lú ibà. Ara mi yá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà imú mi kò gbọ́ òórùn kankan mọ́. Nígbà tí ó di oṣù kẹrin, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ díẹ̀díẹ̀, inú mi dùn, àṣé wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Bí mo bá da àlùbọ́sà sínú òróró gbígbóná, òórùn gọ́tà ni mò ń gbọ́. Ẹran díndín ń rùn sí mi bí ohun tó ti kú. Ọmọ mi ló ń bá mi tọ́ ọbẹ̀ wò báyìí. Robb nìkan ni mò ń gbọ́ dáadáa. Wọ́n ti gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ní kẹ́míìsì, ẹnì kan ní kí n máa fa aáṣáà símú, aládùúgbò mi sì ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán. Ṣé oògùn wà fún un? Àbí bí n ó ṣe máa wà nìyí?"

Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà. Ẹni tí oúnjẹ ni iṣẹ́ rẹ̀ kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ imú. Nínú iṣẹ́ etí, imú àti ọ̀fun tí mo ti ń ṣe láti ohun tó lé ní ọdún 20, àwọn alásè àti àwọn abiyamọ ni mo rí tí ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn jù. Àwọn ìyókù á fara mọ́ ọn, àwọn ará ilé wọn á tilẹ̀ máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí Robb yẹn, nítorí òun ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ.

Iṣan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ láti inú imú. Ọ̀kan ń gbé òórùn. Èkejì, tó tún ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ojú àti eyín, ń gbé títa, títutù àti ìrora. Èkejì yìí ló ń mú wa sín bí ata bá ń jó nínú iná, òun náà ló ń mú omi bọ́ lójú wa bí a bá ń gé àlùbọ́sà. Ohun tí Robb ń ṣe nínú imú yín kò ju pé ó ń tutù, ó sì ń ta. Ẹni tí iṣan òórùn rẹ̀ ti kú pátápátá yóò ṣì mọ̀ pé Robb ti dé. Ìgò kékeré mẹ́ta ló wà nínú dúrọ́ọ̀ mi: kọfí, fanílà tí wọ́n ń fi ṣe kéèkì, àti ámóníà díẹ̀. Aláìsàn á di ojú, n ó máa gbé wọn sí i nímú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò gbọ́ kọfí, tí kò gbọ́ fanílà, tó wá ju orí sẹ́yìn fìrì nígbà tí ámóníà dé, mo mọ̀ pé iṣan òórùn ni tirẹ̀. Ẹni tó bá ní òun kò mọ ámóníà pàápàá, n ó tún un wò; bóyá imú rẹ̀ dí ni, bóyá ìwé ìsinmi ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ahọ́n. Ẹ kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo fura pé ẹ ti ń rò pé ahọ́n yín náà ti bàjẹ́. Ẹ fi iyọ̀ kan ahọ́n, ẹ fi ṣúgà kàn án, ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ fi ewúro. Bí ẹ bá mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàtọ̀, ahọ́n yín kò ṣe nǹkan kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń pè ní adùn ọbẹ̀, òórùn ni, tí ń gba ẹ̀yìn ọ̀fun gòkè wọ imú bí a ṣe ń jẹun. Ẹ ní kí ọmọ yín fi ọwọ́ di imú, kí ẹ wá bu ẹ̀fọ́ tí irú pọ̀ nínú rẹ̀ sí i lẹ́nu: iyọ̀ àti ata ni yóò rí sọ, títí yóò fi tú imú sílẹ̀.

Níbo gan-an ni nǹkan ti wá bàjẹ́? Lókè pátápátá nínú imú, ní àárín ojú méjèèjì, awọ fẹ́lẹ́ kan wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ibẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbọ́ òórùn wà. Okùn wọn, tó tín-ín-rín ju irun lọ, ń gba inú eegun kan kọjá sínú ọpọlọ, eegun náà sì kún fún ihò wẹ́wẹ́ bí ajere tí wọ́n fi ń yan ẹran. Ohun tí sẹ́ẹ̀lì kan lè gbọ́ yàtọ̀ sí ti èkejì. Irú wọn tó bí 400 lára ènìyàn, iṣẹ́ lórí wọn ló sì gba ẹ̀bùn Nobel fún Linda Buck àti Richard Axel ní 2004. Kò sí èyí tó ń dá gbọ́ òórùn irú tí a fi ń se ọbẹ̀ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń dáhùn papọ̀, bí ìyáàlù, omele àti gúdúgúdú ṣe ń jọ dún kí á tó mọ orin tí wọ́n ń lù.

Kòkòrò tó ń fa ọ̀fìnkìn lè dé ibẹ̀. Nígbà Kòrónà, àwọn onímọ̀ rí i pé kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì òórùn fúnra rẹ̀ ni kòkòrò náà kọ́kọ́ ń wọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká, tí wọ́n ń gbé e ró, tí wọ́n ń bọ́ ọ, ni. Ẹ rántí iṣu lóko: kò sí ohun tó ṣe ìtàkùn, ṣùgbọ́n bí igi tó fà mọ́ bá wó, ilẹ̀ ni ìtàkùn náà yóò máa wọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbádùn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, igi nìkan la kàn rì padà. Níbi tí ìbàjẹ́ bá ti jinlẹ̀, sẹ́ẹ̀lì òórùn gan-an á kú, òmíràn á sì ní láti hù. Ó máa ń hù lóòótọ́, iṣan díẹ̀ ló ní irú oore-ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ lára ènìyàn, ṣùgbọ́n oṣù ló fi ń hù, kì í ṣe ọjọ́. Nítorí náà, imú yín kò dí. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kí ẹ dà sínú rẹ̀ láti ṣí i, ilẹ̀kùn tí a kò tì ni wọ́n ń kàn.

Ní ti aládùúgbò yín, n kò fẹ́ bá a jà. Ṣùgbọ́n ní 2020, àìmọye ènìyàn ni imú wọn kú lẹ́ẹ̀kan náà, ní Ìtálì, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Èkó níbí. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ayé ni, wọ́n ṣiṣẹ́ ribiribi lọ́dún yẹn. Kí Kòrónà tó dé pàápàá, ọ̀fìnkìn lásán ti ń ṣe ènìyàn bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin tí ọjọ́ orí wọn jọ tiyín ló sì ń bá jù.

Ó wá kan àlùbọ́sà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìjì já wáyà iná àdúgbò kan, oníṣẹ́ iná dé lálẹ́, ó ń so wọ́n padà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ó sì so ti ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ti ilé ọtí. Iná tàn o, ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ suwíìṣì kọ́ ló tàn fún. Bí okùn tuntun ṣe máa ń wọ ọpọlọ nìyẹn níbẹ̀rẹ̀: àwọn kan á so síbi tí kì í ṣe tiwọn, àwọn mìíràn kò tíì hù rárá, iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ fún ọpọlọ á wá já sí ọ̀rọ̀ àbùkù. Kí ló dé tó jẹ́ àlùbọ́sà àti ẹran ló bọ́ sí? Àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Reading, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tú òórùn kọfí palẹ̀ sí èròjà rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn tí ìṣòro yìí ń bá jà gbọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2022. Èyí tó ń lé wọn sá jù ni àwọn èròjà tí imí-ọjọ́ wà nínú wọn, tí imú máa ń gbọ́ bí wọn kò tilẹ̀ ju ṣínńṣín lọ. Ìdílé èròjà bẹ́ẹ̀ ni àlùbọ́sà, aáyù, ẹran yíyan àti kọfí fi ń ta sánsán. Ohun tó ń mú àwọn oníbàárà yín yà wọlé láti ojú títì ló di gọ́tà fún yín. Ọbẹ̀ yín kò bàjẹ́, orí yín kò sì dàrú.

Irú ìyípadà òdì yìí sábà máa ń dé lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí imú ti kú, gẹ́gẹ́ bí tiyín ṣe dé, lára ọ̀pọ̀ ènìyàn ó sì jẹ́ àmì pé nǹkan ń hù. Mo ní ọ̀pọ̀, n kò ní gbogbo wọn. Awakọ̀ kan wà lọ́dọ̀ mi tó gbé tirẹ̀ fún ọdún méjì kí ó tó lè jókòó ti ẹni tó ń jẹ ẹyin díndín. Ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ tẹ àkójọ ìwádìí 18 jáde ní 2022 lórí àwọn tí Kòrónà gba òórùn lọ́wọ́ wọn: wọ́n ṣírò pé bí ènìyàn 5 nínú 100 ni tiwọn ṣeé ṣe kí ó pẹ́ lára wọn, ó sì ń pẹ́ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. N kò kọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Oṣù mẹ́sàn-án kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Mo ti rí i tí ó padà lọ́dún kejì, mo ti rí i lọ́dún kẹta.

Ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù fún yín kì í ṣe oògùn, ìdánrawò ni. Ojú ń tì mí díẹ̀ láti sọ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, fítámì B ni mo máa ń kọ fún irú yín, n ó ní "á padà, ẹ ní sùúrù", n ó sì pe ẹlòmíràn wọlé. Ní 2009 ni Thomas Hummel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dresden, ní Jámánì, tẹ ìwádìí wọn jáde. Wọ́n ní kí àwọn aláìsàn máa gbọ́ òórùn mẹ́rin láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 12: róòsì, yúkálíptọ́ọ̀sì, lẹ́mọ́ọ̀nù àti kànáfùrù. Àwọn tó ṣe é ní ìtẹ̀síwájú ju àwọn tí kò ṣe é lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn. Láti ìgbà náà, àwọn mìíràn ti tún un ṣe níbi púpọ̀, wọ́n sì rí i pé ẹni tó bá ṣe é pẹ́, tó sì pààrọ̀ òórùn rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ń rí i jẹ jù.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nílé nìyí. Ẹ wá ìgò kékeré mẹ́rin tó ní ìdérí. Ẹ fi òwú sínú méjì, kí ẹ kán òróró yúkálíptọ́ọ̀sì sí ọ̀kan, òróró róòsì sí èkejì. Ẹ gún kànáfùrù díẹ̀ nínú odó, kì í ṣe lúbúlúbú, kí ó kàn fọ́, ẹ dà á sínú ẹ̀kẹta. Ẹ ha èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀kẹrin, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ méjì-méjì kí ó má baà bu. Bí róòsì bá wọ́n, ewé efinrin tí ẹ fi ọwọ́ ra dáadáa á ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin má jọra, kí ó sì jẹ́ ohun tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ jókòó kí ilé tó dàrú láàárọ̀. Ẹ gbé ìgò kan sábẹ́ imú, ẹ má fà á símú gán-in, ẹ máa mí in wẹ́wẹ́ bí ajá ọdẹ tó ń tọ ipasẹ̀ ẹran, fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20. Ẹ sinmi díẹ̀, ẹ gbé òmíràn. Bí ẹ bá gbé kànáfùrù, ẹ rántí kànáfùrù: ọjọ́ tí eyín ń dùn yín ní kékeré, tí ìyá yín fi há a fún yín, bí ẹnu yín ṣe kú tipiri. Ìrántí yẹn wà lára iṣẹ́ náà. Ó ṣe tán, gbígbọ́ ni Yorùbá ní a ń gbọ́ òórùn; ẹni tó ń kọ́ èdè ìlù kò lè máa ronú ọjà nígbà tí onílù ń lù. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ má gbọ́ nǹkan kan, tàbí kí róòsì máa rùn bí rọ́bà tó jóná. Ẹ má dáwọ́ dúró. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀pọ̀ àwọn aláìsàn mi ti máa ń gbé ìgò sọnù, wọn á wá sọ fún mi pé kò ṣiṣẹ́. Oṣù mẹ́fà ni mò ń bẹ̀ yín fún.

Ní ti abẹ́rẹ́ kẹ́míìsì, ẹ bá mi béèrè orúkọ rẹ̀. Bí mo bá fi ojú inú wò ó, dexamethasone ni, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan nínú ẹbí sítẹ́rọ́ìdì, àwọn oògùn tó ń mú kí ara tó wú rọlẹ̀. Oògùn tó ń wú ọwọ́ ènìyàn lórí ni, nítorí ara á kọ́kọ́ fúyẹ́, oúnjẹ á sì máa wù ú jẹ. Ṣùgbọ́n iṣan tó kú kì í gba ọ̀nà yẹn jí, ó sì lè gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè fún ẹni ọjọ́ orí yín. Àwọn amòye láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ kọ̀wé ní 2021 pé kí dókítà má máa sáré fún àwọn aláìsàn Kòrónà ní sítẹ́rọ́ìdì alábẹ́rẹ́ tàbí oníhóró nítorí òórùn, ìdánrawò ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n má gún ẹ̀kẹta. Sítẹ́rọ́ìdì kan wà tí à ń pò mọ́ omi iyọ̀ fi ṣan imú, budesonide ni orúkọ rẹ̀, tí mo máa ń fi kún ìdánrawò fún àwọn kan. Ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ kò pọ̀, ewu rẹ̀ náà kò pọ̀, owó rẹ̀ ló ń dunni. Bí ọwọ́ yín kò bá tó o, ẹ má yá owó nítorí rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà kan ti ń fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i títí tí apá tó ń mú ọgbẹ́ jinná yóò fi yọ sọ́tọ̀, wọ́n á sì gún un sí òkè imú rẹ̀. Ìdánwò kékeré kan ní Yunifásítì Stanford fi hàn pé ó ran àwọn kan lọ́wọ́. N kì í ṣe é, n kò sì ní rán yín lọ síbi tí wọ́n bá ti ń polówó rẹ̀, torí ènìyàn tí wọ́n fi dán an wò kò tíì pọ̀ tó. Fítámì àti síńkì oníhóró kò ní pa yín, n kò kàn rí ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí kò ṣaláìní wọn. Síńkì tí à ń fọ́n símú ni kí ẹ sá fún bí ẹni ń sá fún ejò. Ní 1937, ní Toronto, wọ́n fọ́n ọn sí imú àwọn ọmọdé kí àrùn rọpárọsẹ̀ má baà mú wọn. Kò dènà àrùn náà, àwọn kan nínú wọn sì pàdánù òórùn. Ní 2009, ìjọba Amẹ́ríkà tún ní láti kìlọ̀ lórí oògùn ọ̀fìnkìn onísíńkì kan tó ń pa imú àwọn tó ń lò ó.

Aáṣáà ńkọ́? Títa ló ń ta, bíi Robb, ó sì ń jó awọ tí a ń bẹ̀ pé kó hù. Ọsàn tí wọ́n ń sun nínú iná jẹ, tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan nígbà Kòrónà, kò ní ṣe yín ní ibi kankan bí ẹ kò bá fi jó ahọ́n, ṣùgbọ́n ọsàn jíjẹ ni ẹ jẹ. Omi gbígbóná tí à ń bo aṣọ lé lórí dára fún ọ̀fìnkìn tó dí. Tiyín kò dí, mo sì ti rí ojú tó bó nítorí ìkòkò tó yẹ̀ gẹ̀rẹ̀.

Títí imú yóò fi dé, iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín máa din àlùbọ́sà àti ẹran ní ìta, kí ẹ̀yin máa gba ọbẹ̀ lẹ́yìn tí omi bá ti wọ̀ ọ́. Oúnjẹ tó ti lọ wọ́ọ́rọ́ kì í rùn tó èyí tí ooru ń yọ lára rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí tiyín tutù díẹ̀ kí ẹ tó jẹ ẹ́. Ẹ má fi iyọ̀ àti Maggi dí àlàfo adùn. Àwọn alásè tí imú wọn ti kú máa ń ṣe é láìmọ̀, àwọn oníbàárà ni yóò kọ́kọ́ kíyè sí i. Ẹ fi ṣíbí wọn ohun tí ẹ ti ń fi ojú wọ̀n láti ọdún yìí wá. Ohun tó ń kó mi láyà sókè jù lọ́rọ̀ yín ni gáàsì. Gáàsì ìdáná kò ní òórùn tirẹ̀, wọ́n ń fi èròjà olóòórùn kún un kí a lè mọ̀ bó bá ń jò ni, imí-ọjọ́ sì wà nínú èròjà náà, imú yín lè má gbọ́ ọ tàbí kó pè é ní nǹkan mìíràn. Ẹ máa ti sílíńdà láti orí rẹ̀ bí ẹ bá ti sè tán, ẹ máa fi ìfóòfó ọṣẹ pa ìdí rọ́bà rẹ̀ lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, bó bá ń hó, ó ń jò. Ẹja àti ọbẹ̀ àná, ẹlòmíràn ni kó máa gbọ́ ọ kí ẹ tó gbé e kaná.

Gbogbo ohun tí mo kọ yìí dá lórí pé ọ̀fìnkìn ló fa tiyín, bí lẹ́tà yín ṣe sọ ọ́ nìyẹn. N kò tíì rí inú imú yín. Bí ihò kan bá dí tí èkejì kò dí, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, bí ẹ bá ti fi orí gbá nǹkan láìpẹ́ kó tó ṣẹlẹ̀, ẹ lọ bá dókítà etí, imú àti ọ̀fun nílé ìwòsàn ìjọba tó tóbi tó sún mọ́ yín, kó fi ẹ̀rọ oníná wo òkè ibẹ̀. Ẹran tó hù sínú imú àti kàtá tó ti pẹ́ náà ń gba òórùn lọ́wọ́ ènìyàn, àwọn yẹn sì ní oògùn gidi. Bí kò bá sí ìkankan nínú wọn, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí ara ìgò kànáfùrù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀, ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ kọ̀wé sí mi pé kí ló jọ.